Ọjọ́ Tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bá Dé Abà-Ẹmì

Ọjọ́ tí Sìmíátù kọ́kọ́ rí Àbdùlsàmàd, oorun ni ọkùnrin náà ń sùn, lórí síìtì mọ́tò tí kò ní mọ́tò lábẹ́.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù tí Sìmí ti ń rán síìtì ni síìtì ọ̀hún wà, ní Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Mushin, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sùn àfi ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan ń lu irin lápá ọ̀tún. Ẹnì kan ń dán fèrè mọ́tò wò lápá òsì. Ẹnì kẹta ń búra pé ẹ́ńjìnnì tí òun ń tà kò tíì fẹnu kan epo Nàìjíríà rí. Láàárín ariwo yìí ni ọkùnrin kan na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí, ó gbórí lé síìtì tí Sìmí ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán, ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ó yẹ kí inú bí Sìmí. Inú kò bí i. Ó kàn dúró, ó fi òwú sẹ́nu, ó ń wo ẹ̀rín náà bí ẹni tó ń wo ilé tí òun ì bá fẹ́ gbé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ibi tí ẹ̀ ń lọ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ọkùnrin náà lajú díẹ̀díẹ̀. "Ibo la dé?"

"Ládìpọ̀ náà ni. Ẹ ò tíì kúrò níbẹ̀."

"Irọ́ ni, àǹtí. Mo ti jìnnà. Mo dé ibì kan tí obìnrin kan ti ń rán ojú ọ̀run tó ya. Mo fẹ́ bi í lórúkọ ni ẹ jí mi."

"Sìmíátù ni," ó ní, kó tó rántí pé ẹnikẹ́ni kò bi òun.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o, kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ará ilé.

Síìtì píkọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ wọn ní Yaba ló ya, ohun tó gbé Sàmàd wá nìyẹn. Ìjọba ní àwọn fẹ́ fa íńtánẹ́ẹ̀tì ayára-bí-àṣá dé àwọn abúlé, ilé iṣẹ́ Sàmàd sì wà lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún pé kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n ri wáyà mọ́ ọn. Ó yọ ègé wáyà kan nínú àpò, ó bó o, ó fa fọ́nrán kan jáde tó tín-ín-rín ju irun orí lọ.

"Gíláàsì ni," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀ kọjá. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń gbé ohùn èèyàn dání lọ."

Sìmí gbé fọ́nrán náà sókè sí oòrùn, bí ẹni tó fẹ́ fi ki abẹ́rẹ́. "Kí lẹ wá ń fi rán?"

Sàmàd ronú sí i. "Èèyàn mọ́ èèyàn."

Láti ọjọ́ náà, síìtì píkọ́ọ̀pù yẹn ò gbádùn mọ́. Òní, ẹ̀gbẹ́ a ya. Ọ̀la, ẹ̀yìn a tú. Nígbà tó di pé Sàmàd gbé èyí tí kò ya rárá wá, tó ní kí Sìmí bá òun wò ó bóyá ó ń gbèrò láti ya, gbogbo Ládìpọ̀ ti mọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn méjèèjì a jọ jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n a máa jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n a máa wo ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ.

"Adúmáadán mi," Sàmàd a wí, "bí mo bá ń wò ọ́ báyìí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí ayé dúró díẹ̀."

"Ayé ò lè dúró o. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á máa fọn fèrè."

Ó ku ẹnì kan tí wọn kò tíì sọ fún: Àlàájì Mùktárù, bàbá Sìmí, àgbà onísíìtì, ọkùnrin tó lè pe ẹni tó wà ní Òṣòdì láìlo fóònù. Láti ìgbà tí ìyá Sìmí ti kú, bàbá àti ọmọ nìkan ló kù nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ méjì kọjú síra wọn, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ọmọ.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ọ̀gbẹ́ni?" ni Àlàájì bi Sàmàd lọ́jọ́ tó wá kí i.

"Ẹnjiníà ni mí, sà. À ń bá ìjọba fa íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sí ìgbèríko."

Àlàájì rọra ṣí fìlà, bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú. "Ìjọba. Wọ́n ṣèlérí omi fún abà wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Páìpù dé, omi ò dé. Adìyẹ ló ń yé sínú páìpù yẹn. Wọ́n ṣèlérí iná. Òpó dé, iná ò dé. Ẹyẹ ẹ̀ga ti bí ọmọ-ọmọ sórí ẹ̀. Èyí tó o wá ń sọ yìí, kí la máa fi í ṣe bí kò bá dé? Mi ò ní fọmọ mi fún ìjọba."

"Èmi kọ́ ni ìjọba, sà."

"Yí ẹ̀yìn padà. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì ẹ?"

Sàmàd kò yí ẹ̀yìn padà. Ó mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Sìmí ti ń wo ilẹ̀, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá rí i, àánú ṣe é, ó wá àrékérekè kan tí kò ní jẹ́ kó dà bíi pé òun kọ̀. "Ó da. Ìyá mi wà ní Abà-Ẹmì, lọ́nà Ṣakí. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, kò sí rí. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé abà yẹn, tí mo rí ojú ìyá mi nínú fóònù, ọjọ́ náà ni kó o kó àwọn èèyàn ẹ wá tọrọ ọmọ."

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn tán tó ju kọ́kọ́rọ́ sọ́sà.

"Ẹ ṣé gan-an, sà," ni Sàmàd wí. "Abà-Ẹmì wà lára ètò náà. Màá ní kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀."

Ẹ̀rọ Àlàájì dúró gbọin.

*

Nígbà tí Sàmàd dé abà, ẹni tó ń gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ fáráyé kò wá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò fi pe olólùfẹ́ rẹ̀. Ẹ wo ayé.

Ọgbọ́n tí ìdílé Àlàájì ti ń dá tipẹ́ ni wọ́n dá. Wọ́n máa ń gba ohùn ara wọn sínú mẹ́mórì fóònù, káàdì pẹlẹbẹ tí kò ju èékánná lọ, wọ́n á gbé e fún Solomon, dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Ṣakí láti Jíbówú. Ìyá Àgbà, ìyá Àlàájì, á ki mẹ́mórì náà bọ rédíò kékeré rẹ̀, á gbọ́ ohùn ọmọ, á gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ. Olùkọ́ kan ní abà á bá a gba tirẹ̀, Solomon á gbé e padà. Ní báyìí, mẹ́mórì di méjì. Kí wọ́n má baà sọ nù, Sìmí a máa rán àpò pénpé fún wọn láti inú àjákù awọ síìtì: dúdú fún Ìyá Àgbà, pupa fún Sàmàd. Bí Solomon ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Bàbá ń rí awọ pupa. Bàbá ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Ọ̀wọ́n mi," ohùn Sàmàd a wí nínú fóònù, bí Sìmí bá dá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, "oòrùn ibí kì í kánjú wọ̀ bíi ti Mushin. Igi ẹmì ń yọ òdòdó, afẹ́fẹ́ ń ta sánsán bí oyin. Mò ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ, mò ń sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ẹ ni mò ń bọ̀."

Sìmí a pa ojú dé. Ládìpọ̀ a parẹ́, irin a dákẹ́, òun náà a máa rìn lábẹ́ igi tí kò rí rí, nínú òórùn oyin, títí ẹnì kan á fi lọgun pé síìtì òun dà.

Nígbà tó yá, ohùn náà yí padà. Àwọn obìnrin abà ti kọ̀. Èso ẹmì ni wọ́n ń ṣà, òun ni wọ́n fi ń ṣe òrí tà, inú ẹmì yẹn gan-an ni àwòrán ètò náà sì ní kí kòtò wáyà gbà. Wọ́n ní ẹni tó bá gé gbòǹgbò ẹmì, kó tètè gbẹ́ ibi tó máa sùn sí. Aṣáájú wọn sì ni Ìyá Àgbà.

"Bí wọn ò bá gbà," Sàmàd ní, "ilé iṣẹ́ ní kí n yí wáyà gba ọ̀nà abà mìíràn. Sìmí, bó bá yà lọ, kò ní padà wá mọ́. Mi ò sì fẹ́ lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé nítorí ìfẹ́ ni kó fi jẹ́ kí n gé igi ẹ̀. Mo kọ̀ láti fi ẹ tọrọ ilẹ̀."

Sìmí gbọ́ ọ, ó sunkún. Ó wá gba ohùn tirẹ̀, kò sì fi nǹkan kan pa mọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ti Ìyá Àgbà: kí ara, iye tí ata ń jẹ́, orúnkún Bàbá. Ó rán awọ méjèèjì, ó gbé wọn sórí tábìlì, ó lọ kírun ọ̀sán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Àlàájì mú mẹ́mórì ìyá rẹ̀ jáde nínú awọ dúdú, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó fẹ́ dá a padà, ojú tì í. Ìyá tó bí òun lọ́mọ, awọ dúdú ni wọn yóò fi wé nǹkan fún, tí awọ pupa tó ń dán bí ataare tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe; ojú rẹ̀ kò lè gbà á. Ó fi ti ìyá rẹ̀ sínú pupa, ó fi ìkejì sínú dúdú.

"Dúdú ló tọ́ sí ìjọba," ó ní, ó sì rán ẹnu wọn pa.

*

Nígbà tí ohùn Ìyá Àgbà padà dé, bàbá àti ọmọ dá ẹ̀rọ dúró bí ìṣe wọn, wọ́n tẹ́tí. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín obìnrin púpọ̀.

"Sìmíátù, Àyìnkẹ́ mi," Ìyá Àgbà ní. "A gbọ́ iṣẹ́ tó o rán. Ìdí ẹmì la ti gbọ́ ọ, gbogbo wa pátá. Ìyá Aneesah ní ká tún un gbọ́, a tún un gbọ́. O ní o rán síìtì bọ́ọ̀sì kan, o ní bí ìwọ àti Sàmàd ẹ bá jọ jókòó sí i, o ò ní bèèrè ibi tó ń lọ. Hẹn. Ọkọ mi, bàbá tó bí bàbá ẹ, kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí títí ó fi kú. Kí ló dé tí ọmọ náà ò sọ pé tìẹ lòun? A pè é, ó ń gbọ̀n bí ewé. A ní kó ká àwòrán yẹn kúrò ńlẹ̀. Àwa la mọ ibi tí gbòǹgbò gbà, àwa la máa fọ̀nà hàn án. A ti mú ọkọ́. Mùktárù, bó o bá ń gbọ́, kí ara ẹ."

Ó wu Sìmí kí ilẹ̀ lanu. Ó rọra wo bàbá rẹ̀, ó ń retí ààrá. Kò sí ààrá. Ojú Àlàájì ti funfun bí eérú.

"Bí tìẹ bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré, "ta ló wá gbọ́ tèmi?"

"Kí lẹ sọ nínú tiyín, Bàbá?"

Àlàájì fa fìlà bojú. "Síìtì Ọ̀gá Akínyẹlé yẹn, ṣé o ti parí ẹ̀?"

Wọn kò sọ ọ́ mọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ bá ń dún, Sìmí a máa rí bàbá rẹ̀ tó ń wo òun láti òdìkejì, bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra.

*

Iṣẹ́ parí. Solomon mú ìròyìn wá: ní Sátidé, ní ìyálẹ̀ta, kí Àlàájì jókòó ti fóònù.

Àlàájì fá irun, ó wọ funfun. Gbogbo Ládìpọ̀ pé. Onírin ju òòlù sílẹ̀. Ẹlẹ́ńjìnnì ní bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé abà ní tòótọ́, òun á jẹ́wọ́ pé ẹ́ńjìnnì òun ti mu epo Nàìjíríà. Sìmí dúró lẹ́yìn àga bàbá rẹ̀. Ayé rẹ̀ wà nínú fóònù yẹn.

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí. Fóònù kò dún.

"Mo sọ fún yín," Àlàájì ní, ṣùgbọ́n kò sí ayọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìjọba ni."

Nígbà náà ni ẹnì kan sáré wọlé láti ojú títì. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ti fi katakata hú wáyà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní gbogbo Mushin. Ẹnì kan ti ọ̀nà Ṣakí dé láàárọ̀, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Abà-Ẹmì ń lọ geerege, àwọn ìyá arúgbó ń wo ara wọn nínú fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Onírin ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Abà ló ń pe Èkó. Èkó ni ò gbé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Sìmí kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò ní torí gọ́tà ..."

"Mi ò tíì rí ojú ìyá mi," Àlàájì ní. Ó dìde. "Kó nǹkan wọlé. Ti ṣọ́ọ̀bù."

"Ibo là ń lọ?"

"Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà."

Sìmí rò pé Yaba ni. Wọ́n dé Yaba, Bàbá kò dúró. Wọ́n dé gáréèjì Jíbówú, ó lọ tààrà síbi tí Solomon ti ń pe èrò.

"Àlàájì, ẹ ǹlẹ́ o," Solomon ní. "Mẹ́mórì dà?"

"Èmi ni mẹ́mórì. Sún, kí n jókòó."

Lójú ọ̀nà, igi ń sáré lọ sẹ́yìn, ilé ń tinrín, ojú ọ̀run ń fẹ̀. Wọ́n kọjá Ìsẹ́yìn.

"Mo máa ń sọ pé ọ̀nà ò dáa ni mi ò fi ń wálé," Àlàájì ní lójijì. "Ọ̀nà kọ́. Nígbà tí mo ń lọ Èkó, mo sọ fún ìyá mi pé mọ́tò tèmi ni màá gbé padà wá. Sìmí, síìtì nìkan ni mo rí."

Sìmí gbé orí lé èjìká bàbá rẹ̀.

Oòrùn ń rọra wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Òórùn oyin ti kúrò, èso ló wà lórí igi, ṣùgbọ́n Sìmí mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Lábẹ́ ẹmì kan, ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti igi, ó di orí mú, fóònù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti pè látàárọ̀. Ó rò pé Àlàájì ló kọ̀ tí kò gbé e.

"Sàmàd."

Ó gbójú sókè. Ó wo Sìmí, ó wo bàbá rẹ̀, kò dìde. "Mo mọ̀ pé oorun ni," ó ní. "Ẹ má jí mi o."

Ìyá Àgbà ti ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Ó dúró níwájú ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, ó ń wò ó.

"O ti hu ewú, Mùktárù."

"Ẹ ti kúrú, Ìyá."

"Ó pẹ́ tí mo ti kúrú. Ìwọ ni o ò wá wò."

Àlàájì, ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dé Òṣòdì, kò rí ohùn kankan lò. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó fi aṣọ funfun nu iyẹ̀pẹ̀, ó sunkún.

Ìgbà tó dìde ni Sàmàd dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá Ìyá sọ, èmi ló wá bá nínú awọ pupa. Ẹ ní láti ìgbà tí ìyá Sìmí ti lọ, ohùn ẹ̀rọ kejì ló ń mú yín dìde láàárọ̀. Ẹ ní bó bá dákẹ́, ẹ ò mọ bí ẹ ṣe máa dá rán nǹkan. Yàrá mi wà ní Yaba, sà. Ọ̀nà Ládìpọ̀ ò jìn síbẹ̀. Ìyàwó ni mò ń wá. Mi ò wá dá ẹ̀rọ kankan dúró."

Sìmí fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìgbà yìí ló ti rò pé ìjọba ni bàbá òun ń bá jà.

Àlàájì wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ́. "Ìjọba ti wá mọ àṣírí mi."

"Èmi kọ́ ni ìjọba, sà."

"Mo ti mọ̀," Àlàájì ní. "Ìwọ dé."

*

Abà-Ẹmì ni wọ́n ti so yìgì, nítorí Ìyá Àgbà ní òun kì í lọ sí ìgbéyàwó nínú fóònù. Ìyá Sàmàd wá láti Èbúté Mẹ́ta. Ó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ pé obìnrin tó ń rán síìtì mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ á le ju ti ọkọ lọ. Ó di ọwọ́ Sìmí mú, ó fọwọ́ pa ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un láti kékeré.

"Ó le lóòótọ́," ó ní. "Ọwọ́ yìí ò ní jẹ́ kí ọmọ mi já bọ́."

Lémọ̀mù bèèrè lọ́wọ́ Àlàájì bóyá ó fi ọmọ fọ́kọ. Àlàájì tún fìlà orí rẹ̀ ṣe. Ó wá ní, "Mo fi í fún un," ohùn rẹ̀ sì ròkè débi tí ẹyẹ fi fò kúrò lórí òpó.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Sàmàd àti Sìmí yọ́ kúrò láàárín èrò. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, ní ọ̀nà jíjìn sí ilé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ewé ń rọra bọ́ lé wọn lórí. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí irin, kò sí ẹni tó ń bèèrè síìtì. Sìmí wo ọkọ rẹ̀. Ẹnu tó ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé sínú mẹ́mórì, ojú kojú kò rí ẹyọ kan sọ.

"Sọ nǹkan," Sàmàd ní.

"Kí ni kí n sọ? Ìyá Àgbà ti sọ gbogbo ẹ̀ fún gbogbo abà."

Sàmàd rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ mú ewé kan kúrò nírun rẹ̀, ni fóònù rẹ̀ dún. Fídíò ni. Ó tẹ̀ ẹ́. Imú Ìyá Àgbà ló gba ojú fóònù pátápátá, lẹ́yìn náà ojú kan, lẹ́yìn náà ẹ̀rín tí kò ní eyín púpọ̀. Wọ́n yíjú padà. Nínú fèrèsé ilé lọ́hùn-ún, arúgbó náà ń juwọ́ sí wọn.

"Ẹ sún mọ́ra yín," ó ní. "Mi ò rí yín dáadáa."